Kí o tó sanwó kíláàsì ìdáná, béèrè nǹkan mẹ́ta yìí

Kíláàsì ìdáná pọ̀ lóde báyìí, látorí èyí tí wọ́n ń ṣe nínú ilé ìdáná títí dórí ti WhatsApp. Báwo lo ṣe máa mọ èyí tó bá ọ mu?

Kọ́kọ́ bi ara rẹ pé: kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Tó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ máa bọ́ ara rẹ ni, kéèkì alájà mẹ́ta kọ́ ló kàn ọ́. Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ máa ta oúnjẹ, wá ibi tí wọ́n ti ń lo síkéèlì. Fúláwà tí a kì mọ́nú ife máa ń wúwo ju èyí tí a rọra bù lọ, ìyẹn ló ń jẹ́ kí kéèkì òní yàtọ̀ sí ti àná.

Èkejì, bi olùkọ́ pé: kí ló máa ń fà á tí búrẹ́dì kì í fi í wú? Ẹni tó mọ̀ ọ́n á bi ọ́ bí omi tí o lò ṣe gbóná tó. Ohun ẹlẹ́mìí ni ìwúkàrà. Ó ń jẹ ṣúgà, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ carbon dioxide jáde. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń wú búrẹ́dì. Omi tó gbóná tó 60°C á pa á. Tí olùkọ́ bá kàn ní "bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn", tó bá bà jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ nílé, o ò ní mọ ibi tí wàá ti tún un ṣe.

Ẹ̀kẹta, ṣé wọ́n ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú oúnjẹ? Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ́ Bacillus cereus, ó lè la omi híhó já nínú ìrẹsì. Tí ìrẹsì bá wá pẹ́ lórí tábìlì, á máa pọ̀ sí i, á sì tú májèlé sínú rẹ̀. Gbígbé e kaná padà kì í pa májèlé yẹn. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní ká má fi oúnjẹ tó ti jinná sílẹ̀ ju wákàtí 2 lọ láìgbé e sínú fíríìjì. Ẹni tó ń ta oúnjẹ tí kò mọ èyí lè dá gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Tí ìdáhùn wọn bá tẹ́ ọ lọ́rùn, sanwó. Tí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, fi owó yẹn ra síkéèlì, kí o máa dáná wò nílé ná.