Ọ́ìlì Tí Ó Dọ̀tí A Máa Jẹ Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Àtijọ́ Run

Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí ń ná ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ sí Ìfẹ̀tẹ̀dó àti sí àwọn abúlé kòkó ni ó jẹ́ tòkúnbọ̀, tí a ti lò ní òkè òkun kí wọn tó dé Nàìjíríà. Ẹ́ńjìnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ bí ọ́ìlì inú rẹ̀ bá mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì bá dọ̀tí, ohun tí ó yẹ kí ó dáàbò bo ẹ́ńjìnì ni yóò máa bà á jẹ́.

Iṣẹ́ ọ́ìlì ni láti wà láàrin irin méjì tí ń yí, kí wọn má baà ha ara wọn. Ọ́ìlì tí ó wà láàrin wọn fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Nítorí náà, eruku tí ojú kò lè rí tó láti ṣe wọ́n ní ibi. Bí iyanrìn bá bọ́ sórí ọlọ, àti ọlọ àti ọmọ ọlọ ni ó ń họ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn yìí rí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìdọ̀tí ń gbà wọ inú ọ́ìlì. Èkíní ni eruku. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ a máa gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá kún eruku pupa ojú ọ̀nà. Bí fílítà afẹ́fẹ́ bá ti ya, inú ẹ́ńjìnì ni eruku náà ń lọ. Èkejì ni èéfín dúdú bẹntiróòlù tí ó jóná. Ẹ̀kẹta ni irin wẹ́wẹ́ tí ó ń họ kúrò lára ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀.

Ọ̀ràn ọkọ̀ àtijọ́ le ju ti tuntun lọ, nítorí ríìngì písítìnì rẹ̀ ti jẹ, èéfín sì ń gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. Ọ́ìlì a yára dọ̀tí, ìdọ̀tí náà a sì tún mú kí ríìngì jẹ sí i.

Àpẹẹrẹ kan ni Volkswagen ìjàpá, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún 1975. Ọ́ìlì 2.5 lítà péré ni ó ń gbà. Asẹ́ wáyà ni ó ní, kò ní fílítà oníbébà. Nítorí náà ni a fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní gbogbo 5,000 kìlómítà.

Kí onímọ́tò má ṣe máa bu ọ́ìlì tuntun lé ògbólógbòó lásán. Kí ó da ti àtijọ́ nù nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó sì pààrọ̀ fílítà pẹ̀lú rẹ̀. Bí fílítà bá dí, fálífù kan a ṣí, ọ́ìlì a sì kọjá láìsí asẹ́ kankan. Àwọ̀ dúdú nìkan kọ́ ni àmì ewu, nítorí ọ́ìlì tí ó dára a máa gbé ìdọ̀tí mọ́ra kí ó má baà lẹ̀ mọ́ irin. Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì ara géèjì bá ń ha ọwọ́, tàbí tí ó funfun bí ògì, kí a pe mẹkáníìkì kíákíá.

Kí a má da ọ́ìlì àlòkù sí ẹ̀bá kànga tàbí odò, nítorí ó ń ba omi mímu jẹ́.

Owó ọ́ìlì àti fílítà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ tí ó bá sì dúró sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kò lè gbé kòkó dé ọjà.