Ìyọkúrò Tí Ń Tú Àṣírí Àṣìṣe

Ká ní ìyá ọlọ́mọ kan gbé ìkókó rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, tí ó sì jẹ́ pé òṣùwọ̀n àgbàlagbà nìkan ni ó wà níbẹ̀, èyí tí kì í sọ ju odidi kílò lọ. Nọ́ọ̀sì ní kí ìyá gun òṣùwọ̀n tòun tọmọ: 65. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọn ìyá nìkan: 62. Ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ wọn kílò 3.

Ta ni yóò bá a jiyàn? Ẹni tí ó bá ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí ni. Irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ lè fi ìlàjì kílò ṣìnà. Lára 65, ìlàjì kílò kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ìlàjì lé nígbà kan, tí ó sì fi ìlàjì dín nígbà kejì, ọmọ náà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 4, ó sì lè jẹ́ pé díẹ̀ ni ó fi lé ní 2. Oògùn tí a wọ̀n fún ọmọ kílò 4 lè ṣe ọmọ kílò 2 ní jàǹbá.

Kì í ṣe ìyọkúrò ni ó dá àṣìṣe yìí sílẹ̀: bí a bá yọ 62 kúrò nínú 65, 3 ni yóò kù láìsí àní-àní. Àṣìṣe ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ara ìyá ni ó fi pamọ́. Nígbà tí a yọ ìyá kúrò, ìbòrí ṣí.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún oníṣirò tí ó bá yọ nọ́ńbà kan kúrò nínú òmíràn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí á wá nọ́ńbà méjì tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 64, tí ó sì jẹ́ pé bí a bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, 1 ni yóò jẹ́. Ẹni tí ó mọ álíjẹ́bírà yóò rí i pé 32 + √1023 àti 32 − √1023 ni wọ́n. Ìwé àtẹ ìṣirò tí kì í kọ ju ẹyọ òǹkà mẹ́rin lọ yóò sọ pé √1023 jẹ́ 31.98. Nítorí náà, nọ́ńbà ńlá jẹ́ 63.98, kò sì ní àléébù. Kékeré jẹ́ 0.02. Ẹ fi í sọ 63.98 di púpọ̀: ó lé ní 1.27! Níbo ni 1 wà?

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí á má yọ ohunkóhun kúrò rárá. A ti mọ nọ́ńbà ńlá. Ẹ pín 1 sí ọ̀nà 63.98. Yóò fún wa ní 0.01563, èyí tí ó tọ̀nà. Ìwé àtẹ kan náà ni a lò. Ọ̀nà ni a yí padà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kọ̀ǹpútà bọ́ lọ́wọ́ èyí. Nǹkan bí ẹyọ òǹkà 16 ni ó sábà máa ń lò. Bí a bá sọ àpapọ̀ náà di 200,000,000, tí a sì ní kí ó ṣe ìyọkúrò, yóò dáhùn pé nọ́ńbà kékeré jẹ́ 0. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí òdo lè sọ di púpọ̀ tí yóò fi jẹ́ 1.

Ti ìkókó yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ o. Kò sí ọgbọ́n álíjẹ́bírà tí ó lè gbà á; òṣùwọ̀n ọmọ ọwọ́ ni kí wọ́n lọ wá.

Ẹ̀yin náà, ẹ gbé 40 sí ipò 64, kí ẹ sì fi ọ̀nà méjèèjì wá nọ́ńbà kékeré. √399 jẹ́ 19.97 nínú ìwé àtẹ.