Ìsanrajù àti Ẹ̀jẹ̀ Ríru Lára Àwọn Ọ̀dọ́langba

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin alágbàtọ́,

Ní ilẹ̀ wa, bí ọmọ bá sanra, inú òbí a máa dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ara líle, ọ̀tọ̀ ni ìsanrajù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àìsàn àgbàlagbà nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe àwọn ọ̀dọ́langba pẹ̀lú, pàápàá àwọn tí wọ́n sanra jù.

Kí ni ẹ̀jẹ̀ ríru?

Bí ọkàn ti ń tú ẹ̀jẹ̀ sínú ara, ẹ̀jẹ̀ náà a máa ti ògiri iṣan tí ó ń gbà kọjá. Agbára yìí ni à ń pè ní ìfúnpá. Bí ó bá ga ju bó ti yẹ lọ nígbà gbogbo, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn.

Báwo ni ìsanrajù ṣe ń fà á?

Bí ara bá ti ń tóbi sí i ni iṣẹ́ ọkàn ń pọ̀ sí i, nítorí ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ibi gbogbo. Ọ̀rá inú ikùn a sì máa fún kíndìnrín, kì í jẹ́ kí ó lè da iyọ̀ nù bó ti yẹ. Ibi tí iyọ̀ bá sì dúró sí, omi a dúró síbẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, iṣan a le, ọkàn àti kíndìnrín a sì bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Rọpárọsẹ̀ lè wá kọlu irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àsìkò tí ó yẹ kí ó máa tọ́jú òbí rẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n?

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì hàn. Àyẹ̀wò ló ń tú u fó. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2017, fún ọmọ ọdún 13 sókè, ìfúnpá tí kò tó 120 lórí 80 ni ó dára. Bí ti òkè bá tó 130, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 80, ní ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bí apá ọmọ bá tóbi, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó lo aṣọ ìfúnpá tí ó gba apá náà, nítorí èyí tí ó kéré jù a máa fi iye tí ó ga ju òótọ́ lọ hàn.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

1. Ẹ dín iyọ̀ àti máàgì kù nínú ọbẹ̀ gbogbo ilé.
2. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa mu omi dípò ọtí ẹlẹ́rìndòdò.
3. Ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso kún oúnjẹ.
4. Ẹ jẹ́ kí ó máa rìn, kí ó máa fo okùn tàbí gbá bọ́ọ̀lù, fún 60 ìṣẹ́jú lójoojúmọ́.
5. Ẹ má ṣe fi ebi pa á, ẹ má sì ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Oúnjẹ kan náà ni kí gbogbo ilé jọ máa jẹ.
6. Ẹ má ṣe fún un ní oògùn tí dókítà kọ fún àgbàlagbà ilé.

Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ mú ọmọ yín lọ sí ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí, kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀.