Má Di Fáàfù Náà Lẹ́nu

Òṣogbo

Àjàní ọmọ mi,

  Ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Ọmọkùnrin yẹn, tó gbé iwájú orí bàbá wa, bàbá àgbà rẹ, wáyé, ṣé ó ti ń jẹun dáadáa? Ìyá Àgbà ní kí n kí yín. Wọ́n ní owó tí o fi ránṣẹ́ dé, àti pé ọwọ́ tí o fi mú un kò ní rọ. 

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, n kò sì sùn dáadáa láti ìgbà náà. Ó ní ọkọ̀ ojú irin kékeré tí o rà, èyí tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, inú pálọ̀ lo ti ń tan iná sí i. Ó tún ní nítorí pé fáàfù orí bọ́ílà rẹ̀ ń tú ooru jáde, o fún sípíríǹgì rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ náà lè sáré. Àjàní! Bí ọmọ ẹlòmíràn bá ṣe é, màá ní kò mọ̀. Ìwọ, tí owó Rélùwéè ni wọ́n fi rán bàbá rẹ lọ sílé ìwé?

N kò bínú pé o rà á. Àwọn kan níbí ń sọ pé ohun ìṣeré ọmọdé ni o kówó lé. Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Mo wo fọ́tò rẹ̀ dáadáa: bọ́ílà wà níbẹ̀, géèjì wà, písítìnì wà. Ojú irin tìrẹ fẹ̀ ní mìlímítà 45. Ti Rélùwéè wa, èyí tó ti Ìdó dé Ìbàdàn ní 1901, jẹ́ mìlímítà 1,067. Pín tiwa sí ọ̀nà mẹ́rìnlélógún, o fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tìrẹ gan-an. Nítorí náà, àwọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí o ní o fẹ́ kùn ún, n kò fọwọ́ sí i. Rélùwéè Nàìjíríà ni kí o kọ sí i lára.

Bàbá wa, kí wọ́n tó di awakọ̀ ojú irin, fáyámáànù ni wọ́n ní ọgbà ẹ́ńjìnnì Lókò, Ẹ̀bùté Mẹ́ta. Èédú Ẹnúgu ni wọ́n ń fi ṣọ́bìrì dà síná. Wọ́n máa ń ní omi ni kí ojú kọ́kọ́ wò, kó tó wo iná. Bí omi bá bo irin inú bọ́ílà, omi á máa gba ooru lára rẹ̀. Bí omi bá lọ sílẹ̀, iná á bá irin ní ìhòòhò. Ti ńlá á rọ̀, á sì bẹ́. Ti kékeré, ohun tí wọ́n fi jó o pọ̀ lè yọ́. Má jẹ́ kí omi tán lórí iná láé.

Irú ẹ́ńjìnnì tìrẹ yẹn, 40 psi ni fáàfù ọ̀pọ̀ wọn máa ń ṣí. Nígbà tí o fún un mọ́lẹ̀, ta ni yóò sọ fún bọ́ílà pé ó tó? Ẹni tó di ọmọ tó ń sunkún lẹ́nu kò tíì fún un lóúnjẹ. Gáàsì ni kí o dín kù. Bí ọkọ̀ náà bá ń fà tìkọ̀, omi ló wà nínú sìlíńdà: ooru omi tó kọ́kọ́ wọ irin tútù a máa di omi padà. Rọra tì í síwá sẹ́yìn títí omi yẹn á fi jáde, á sáré fún ọ.

Ilẹ̀ ẹfun ni ọ̀pọ̀ omi ẹ̀rọ London, níbi tí ẹ wà, gbà kọjá. Wo ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù yín. Ohun funfun yẹn ni yóò dì mọ́ inú bọ́ílà. Omi òjò tí o sẹ́ dáadáa dára jù ú lọ. Òróró sìlíńdà tó ki ni kí o rọ sínú agolo òróró kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe òróró mọ́tò. Ooru omi á di omi níbẹ̀, á rì sísàlẹ̀, á sì máa ti òróró lọ sí sìlíńdà. Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, fa omi náà jáde kí o tó rọ òróró tuntun. Ní ti gáàsì tí o fi ń dáná sí i, ìta gbangba ni wọ́n ti ń rọ ọ́, níbi tí iná kankan kò sí.

Bàbá wa ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ gbogbo ìrìnàjò sí: omi tó lọ, òróró tó lọ, irin tó ń jẹra. Nígbà tí wọ́n kú, Kàdúná ni mo wà. Kí n tó dé, àwọn tó gbá yàrá ti ta ìwé náà fún ẹlẹ́pà. Títí dòní, bí wọ́n bá fi ìwé àlòkù di ẹ̀pà fún mi, mo máa ń tú u wò. Ó dùn mí gan-an. Gbogbo ohun tí mo kọ sí ọ yìí, díẹ̀ tó kù sí mi létí ni.

Nítorí náà, ra ìwé kan bíi ti bàbá wa. Fáàfù tí o ti fọwọ́ bà, má dá a padà fúnra rẹ, ra tuntun. Lẹ́yìn náà, gbé ẹ́ńjìnnì lọ bá ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe é, kí ẹni tó ń yẹ bọ́ílà wò fi omi tútù tẹ̀ ẹ́ kí iná tó tún kàn án. Bí ó bá ní àlébù, omi tútù á kàn jò ni; ooru ni í bẹ́ mọ́ni. Kọ èsì rẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́, kí ọmọ rẹ kọ déètì síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kí o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Títí màá fi rí i, má pè mí láti sọ bí ọkọ̀ náà ṣe ń sáré tó.

Olúwa á máa ṣọ́ yín. Iná kò ní jó yín o.

Èmi ni bàbá rẹ,
ní Òṣogbo