Ìṣẹ́jú Mélòó ni Ìlọrin sí Èkó? Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tó Fẹ́ Wọ Bàálù

Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta èlùbọ́ ló fa ẹ̀kọ́ yìí. Ọmọ rẹ̀ bímọ sí London, ó kó àjọ, ó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ wẹ ọmọ. Bàálù yóò gbé e ní Ìlọrin ní aago méjì ọ̀sán, yóò dé Èkó ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tó wọ ti London lálẹ́. Ó ní ṣebí àádọ́ta ìṣẹ́jú péré ni, ló bá kúrò ní Òmù-Àrán ní aago méjìlá. Táyà jò ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Kó tó dé pápákọ̀, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn bàálù. Ti London náà lọ láìsí i nínú. Owó àjọ ọdún kan gbáko! A ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o, àwa náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Láti pápákọ̀ Ìlọrin, tí wọ́n fi sọ orí Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn ní 2023, dé ti Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, tí a bá fa okùn tààrà lójú ọ̀run, nǹkan bí 244 kìlómítà ni, ìyẹn bíi 150 máìlì. Ti mọ́tò tó 300, torí mọ́tò ń yà gba Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn.

Bàálù ńlá a máa sáré tó 800 kìlómítà ní wákàtí kan. Tó bá jẹ́ eré yẹn ló ń sá látìbẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni ì bá fi dé Èkó. Kí ló wá dé tí wọ́n kọ àádọ́ta? Wọ́n ka ìgbà tó ń rìn nílẹ̀, tó ń gòkè, tó ń rọra sọ̀kalẹ̀, tó ń dúró gba àyè láti balẹ̀. Ẹni tó gbé kóńgò kan lọ sí ẹ̀rọ, ìlà tó máa tò kò kéré sí ti ẹni tó gbé odidi àpò. Èkó sí London tó 5,000 kìlómítà, wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni. Ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po ogún ti Ìlọrin, àkókò rẹ̀ kò tó ìlọ́po mẹ́jọ.

Aago tí wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí bàálù wà ni. Ní ìgbà òtútù wọn, aago London fi wákàtí kan kẹ́yìn tiwa. Ní ìgbà ooru wọn, ọgbọọgba ni.

Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ilé yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Òmù-Àrán sí Ìlọrin tó 80 kìlómítà, pápákọ̀ kò sì sí lápá ọ̀dọ̀ wa. Ẹ ní láti la ìlú já sí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ fún ìyẹn ní wákàtí méjì. Ẹ dé pápákọ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú. Ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún táyà. Bàálù aago méjì, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni kí ẹ kúrò nílé. L'Ékòó, ilé tí bàálù abẹ́lé ń já èrò sí kì í ṣe ibi tí ti òkèèrè ti ń gbéra. Ẹ ó tún wọ mọ́tò. Tó bá wá di ìgbà ọyẹ́ tí kùrukùru bolẹ̀, bàálù lè má gbéra lásìkò rárá.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wa ti ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sùn sílé àbúrò rẹ̀ ní Ìkẹjà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ọmọ náà ti ń jókòó kó tó fojú kàn án.