Ọgbà Ẹ̀fọ́ Láàárín Ìlú

Ẹ̀yin ará wa, ẹ wo ẹ̀yìn ilé yín. Ǹjẹ́ ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí a ń da ìdọ̀tí sí? Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní Àjàṣẹ́ àti ní ìlú mìíràn. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni a ń fi owó ra ẹ̀fọ́. Ẹni tí ó ti abúlé wá sí ìlú kò gbàgbé iṣẹ́ oko, ilẹ̀ ni kò ní. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ohun tí ẹnì kan kò rí, ẹgbẹ́ lè rí i.

Ní Houéyiho, ní Kútọnù, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn àgbẹ̀ ti fi gbin ẹ̀fọ́ lórí iyanrìn. Ìgbẹ́ adìẹ àti omi ni wọ́n fi sọ iyanrìn náà di oko. Àwa náà lè ṣe é. Báwo ni a ó ṣe bẹ̀rẹ̀?

1. Ilẹ̀. Ẹ lọ bá ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ẹ kọ àdéhùn sínú ìwé: ọdún mélòó ni ẹ ó lò ó? Èló ni ẹ ó san? Kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Láìsí ìwé, wọ́n lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ̀fọ́ bá dàgbà tán.

2. Ebè. Ẹ ṣa ike, ìgò àti irin kúrò. Ẹ kọ ebè pẹrẹsẹ, kí ó fẹ̀ tó mítà 1, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀. Ẹ po ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà mọ́ ilẹ̀. Èyí tí kò tíì jẹrà lè pa ẹ̀fọ́.

3. Irúgbìn. Ẹ fi tẹ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ẹ ó ti máa já a. Ẹ má ṣe bu omi gọ́tà wọ́n ọn, àrùn wà nínú rẹ̀.

4. Oògùn. Ẹ má ṣe fi oògùn òwú sí ẹ̀fọ́ láé! Ní ọdún 1999, ní Borgou, oògùn òwú pa ènìyàn. Àwọn kan nínú wọn jẹ oúnjẹ tí oògùn náà ti kàn. Ẹ fi ọwọ́ ṣa kòkòrò.

5. Owó. Owó ni ó máa ń tú ẹgbẹ́ ká. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ̀yin ni kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo àpẹẹrẹ ẹgbẹ́ tí ó ní ènìyàn 8:

Ẹ̀fọ́ tí a tà: 20 000 fáránkì
Irúgbìn àti ìgbẹ́ adìẹ: 6 000
Ó kù: 14 000
Fún àpótí ẹgbẹ́: 2 000
Èyí tí a ó pín: 12 000
Ti ẹnì kọ̀ọ̀kan: 1 500

Ẹ ó sọ pé 1 500 kò pọ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kò tíì ka ẹ̀fọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan já lọ sílé fún àwọn ọmọ rẹ̀, tí kò fi owó rà. Oṣù tí ń bọ̀, a ó tún já òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni a fi ń lé òṣì jáde.

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò
• Ilẹ̀ wo ni ó wà ní àdúgbò wa? Ta ni ó ni ín?
• Kí ni ìdí tí a fi ń kọ àdéhùn sínú ìwé?
• Bí ẹgbẹ́ náà bá ta ẹ̀fọ́ 28 000 fáránkì, tí ìnáwó àti owó àpótí kò yí padà, èló ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan?