Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: ỌMỌ ỌBA TÓ JÓKÒÓ LÓRÍ ÀGA ÀYÁLÒ



Gbogbo yín lẹ mọ odò Ouémé. Ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ó ń ṣàn lọ sí gúúsù títí ó fi dé ẹ̀bá Àjàṣẹ́ àti Kútọ̀nú. Odò kan náà là ń lò, àwa ará òkè àti àwọn ará ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà kan, òṣèlú fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ilẹ̀ wa sí mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká ka ìtàn ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

1. Ọmọ ààfin

Justin Ahomadégbé ni orúkọ rẹ̀. Abomey ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1917. Ọmọ ọba ni. Ìdílé Agonglo ló ti wá, ọba tó jẹ ní Abomey láti 1789 sí 1797. Ó lọ sí ilé-ìwé William Ponty ní Senegal, ó sì kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Dakar. Ó ṣe dókítà eyín ní Àjàṣẹ́.

Ọmọ ọba ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé ìjọba fún un nítorí ìyẹn. Ó ní láti tọrọ ìbò lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti oníṣòwò. Lọ́dún 1955, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní UDD.

2. "Ọmọ ibo ni ọ́?"

Àwọn ará Abomey wà lẹ́yìn Ahomadégbé. Àwọn ará Àjàṣẹ́ wà lẹ́yìn Sourou Migan Apithy. Àwa ará àríwá ńkọ́? Hubert Maga, olùkọ́ tí wọ́n bí ní Parakou, ni ọ̀pọ̀ wa tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ olùdìbò kì í bèèrè pé, "Kí lo fẹ́ ṣe?" Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, "Ọmọ ibo ni ọ́?"

Lọ́dún 1959, ẹgbẹ́ Ahomadégbé ní ìbò ju ẹgbẹ́ méjì yòókù lọ, síbẹ̀ ìjókòó rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ ló kéré jù. Ìjà dé. Lọ́jọ́ 1 oṣù kẹjọ 1960, ilẹ̀ wa, tó ń jẹ́ Dahomey nígbà náà, gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Maga di ààrẹ. Lọ́dún 1961, ìjọba fòfin de UDD, wọ́n sì ti Ahomadégbé mọ́lé. Ó jáde lọ́dún 1962.

Lọ́dún 1963, àwọn sójà gba ìjọba lọ́wọ́ Maga. Lọ́dún 1964, Apithy di ààrẹ, Ahomadégbé di igbákejì rẹ̀ àti olórí ìjọba. Wọn ò rẹ́. Wọ́n jà lórí ẹni tí yóò ṣe olórí ilé-ẹjọ́ tó ga jù. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 1965, àwọn sójà lé àwọn méjèèjì.

3. Ọdún méjì méjì

Ìdìbò ọdún 1970 tún dá rògbòdìyàn sílẹ̀, wọ́n sì fagi lé e. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá fẹnu kò: wọn ó jọ ṣèjọba, wọn ó sì máa fi ọdún méjì méjì gba ipò olórí, Maga ní àkọ́kọ́, Ahomadégbé tẹ̀ lé e, Apithy lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ 7 oṣù karùn-ún 1972, ọdún méjì Maga pé. Ó dìde, Ahomadégbé sì jókòó. Kò sí ìbọn, kò sí ẹ̀wọ̀n. Ẹ rántí pé lábẹ́ Maga yìí ni wọ́n ti Ahomadégbé mọ́lé nígbà kan!

Ṣùgbọ́n kò pé oṣù mẹ́fà. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹwàá 1972, Mathieu Kérékou àti àwọn sójà gba ìjọba. Ìgbà ti Apithy kò dé rárá. Wọ́n ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lé títí di 1981. Lọ́dún 1990, Ahomadégbé wà ní àpérò ńlá Kútọ̀nú tó dá ìdìbò padà fún wa. Ó kú lọ́jọ́ 8 oṣù kẹta 2002, lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún.

4. Kí la rí kọ́?

Àga ọba, ikú ló ń gbà á lọ́wọ́ ọba. Àga ìjọba kò rí bẹ́ẹ̀. Ará ìlú ló ni ín, wọ́n kàn yá ẹni tó jókòó ni. Boni Yayi, ọmọ Tchaourou níbí, jókòó lórí rẹ̀ lọ́dún 2006. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá pé ní 2016, ó dìde fún Patrice Talon.

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yín náà ńkọ́? Ẹ kọ ọjọ́ tí alága gorí àga sínú ìwé, kí ẹ kọ ọjọ́ tí yóò sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀wé kà ló lè rán alága létí.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun
Àyálò: ohun tí a yá, tí a ó dá padà.
Fagi lé: láti sọ pé nǹkan kò dúró mọ́.
Àpérò: ìpàdé tí a ti ń gbèrò pọ̀.

Ẹ dáhùn
1. Iṣẹ́ wo ni Ahomadégbé ṣe kó tó di olóṣèlú?
2. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 7 oṣù karùn-ún 1972?
3. Kí ni ìyàtọ̀ àga ọba àti àga ìjọba?
4. Ẹ kọ orúkọ alága ẹgbẹ́ yín, àti ọdún tí àkókò rẹ̀ yóò pé.